Oyún Mẹ́sàn-án Lórí Fóònù Mi

Àpèkọ ni mo ń pè fún àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kí mi kú oríire oyún. Fóònù mi gbọ̀n lórí tábìlì. Mo gbé e, mo rí i pé èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́: Chère maman, màmá wa ọ̀wọ́n, ẹ kú oríire, oyún yín ti pé oṣù márùn-ún, ẹ má ṣe gbé ẹrù wúwo. Mo wo ara mi. Ọkùnrin ni mí, ó ku díẹ̀ kí n pé àádọ́ta ọdún, ikùn tí mo sì ní, ẹ̀bà ló fà á. Mo ní àwọn gbájúẹ̀ ni, mo pa á rẹ́. Mo padà sídìí àpèkọ, mo pe gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀, gbogbo kíláàsì sì kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, mẹ́ta mìíràn ti dé. Oyún kan pé oṣù mẹ́fà, òmíràn pé oṣù méje, ìkẹta ní kí n máa sùn nínú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn nítorí ọmọ inú mi, orúkọ ilé ìwòsàn ìlú wa sì wà nísàlẹ̀ gbogbo wọn. Inú bí mi. Èmi kì í pẹ́ bínú, ìyàwó mi tilẹ̀ máa ń sọ pé bí iná bá jó mi, iná náà ni yóò bẹ̀ mí. Mo gba ilé ìwòsàn lọ láti lọ bá wọn wí.

Ilé ìwòsàn ìlú wa nílẹ̀ Ifangni, ní Bẹ̀nẹ̀ lẹ́bàá ààlà Nàìjíríà, kọjú sí ṣọ́ọ̀bù ìyàwó mi gan-an, títì ló là wọ́n láàárín. Aránṣọ ni ìyàwó mi. Ó jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé òun ń rán aṣọ obìnrin àti ti ọmọdé, wọ́n sì kọ nọ́ńbà fóònù mi sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà. Nọ́ńbà tèmi ni, nítorí síìmù Nàìjíríà ni òun ń lò, bí ọ̀pọ̀ obìnrin ìlú wa. Ọjà Nàìjíríà ni wọ́n ń ná, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀hún ló sì ń wọ yàrá wọn.

Akọ̀wé ilé ìwòsàn ni mo bá lábẹ́ igi máńgòrò, tablẹ́ẹ̀tì tuntun kan wà lórí itan rẹ̀. Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi. Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà wá kí ìtọ́jú aláboyún lè dára sí i: gbogbo ohun tó kan obìnrin kọ̀ọ̀kan ló ń kọ sínú rẹ̀, oṣù oyún, ìwọ̀n ara, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rọ náà yóò sì máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ fúnra rẹ̀, kó má baà gbàgbé. Mo ní ó dára. Ó ní ìṣòro kan ló wà. Ẹ̀rọ náà kì í gba nọ́ńbà mìíràn àfi ti Bẹ̀nẹ̀, bí èèyàn bá sì fi ààyè nọ́ńbà sílẹ̀ lófìfo, ìlà pupa kan á yọ, kò ní lọ síwájú mọ́, obìnrin náà ò sì ní rí agbẹ̀bí. Mo bi í pé báwo ló ṣe wá ń ṣe é. Ó fi àgbọ̀n júwe ògiri òdìkejì títì.

"Mẹ́tírì," ló wí, bí wọ́n ti ń pe àwa olùkọ́ nìyẹn, "nọ́ńbà yẹn nìkan ni mo ń rí láti ibi tí mo jókòó sí."

Kò tilẹ̀ tijú. Ó ní àwọn obìnrin náà mọ aránṣọ, aránṣọ mọ mi, èmi sì gbọ́ Faransé, àwọn kò gbọ́ ọ. Ó ní ta ni òun ìbá tún wá lọ? Ohun tó dùn mí jù ni pé òótọ́ ló sọ. Mo ní kó kúkú máa fi orúkọ sí i, kí n lè mọ ẹni tó ni iṣẹ́. Ó mi orí. Àṣírí aláìsàn ni, orúkọ kò gbọdọ̀ hàn lórí fóònù.

Báyìí ni mo ṣe di ìyá àpapọ̀. Mo ya ìwé kan sọ́tọ̀, mo ní kí akọ̀wé ka àwọn obìnrin tí kò ní síìmù Bẹ̀nẹ̀ fún mi, ó sì fi ẹnu ka mẹ́sàn-án láti orí wá: mẹ́fà láàárín ìlú, méjì ní Daagbé, ọ̀kan ní Tchaada. Bí iṣẹ́ bá ti dé, èmi ni n ó wádìí ẹni tó ni ín. Bí wọ́n bá ní oṣù méje, mo ní láti mọ ikùn tó tó oṣù méje. Mo wá di ọkùnrin tó ń wo ikùn obìnrin kiri ìlú. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọdá títì bí wọ́n bá rí mi. Ọkọ ọ̀kan wá bi mí nílé pé kí ló dé tí mo mọ ọjọ́ ìbímọ ìyàwó òun ṣáájú òun, mo ní kó lọ ka káàdì ìyàwó rẹ̀. Ní ilé ẹ̀kọ́, dirẹ́tọ̀ wa dìde fún mi lórí àga rẹ̀ níbi ìpàdé, ó ní kò yẹ kí n dúró pẹ́ nínú ipò tí mo wà. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ìyàwó mi, n ó ka iṣẹ́ ọjọ́ náà sókè, n ó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Òun a máa fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, a máa rẹ́rìn-ín. Nígbà mìíràn a ní kí n tún èyí kan kà. Mo rò pé ohùn mi ló wù ú.

Ohun kan wà tí kò bára mu nínú ìṣirò mi. Obìnrin mẹ́sàn-án ni mo ní, iṣẹ́ mẹ́wàá ló ń wọlé. Oyún oṣù mẹ́rin kan wà tí mi ò rí ẹni tó ni ín. A kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ. Mo ní àṣìṣe ẹ̀rọ ni. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kì í fi ìbéèrè sílẹ̀ láìsí ìdáhùn, nítorí náà mo gbé e fún obìnrin Tchaada, nítorí òun fúnra rẹ̀ kò mọ iye oṣù tó wà. Mo ń fún un ní ti oṣù mẹ́fà, mo sì ń fún un ní ti oṣù mẹ́rin. Kò bá mi jiyàn.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn ọmọ jáde lọ ṣeré, fóònù tún gbọ̀n. Màmá wa ọ̀wọ́n, èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yín ti dé. Ẹ wá sí ilé ìwòsàn lónìí. Ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la.

Kò sí orúkọ níbẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà wà níbì kan nínú ewu, bóyá ó ń roko, bóyá ó ń ru ẹrù, èmi nìkan ni mo sì gbọ́, n kò mọ ẹni tí n ó sọ fún.

Mo fi kíláàsì lé olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan lọ́wọ́, mo sáré. Akọ̀wé wà lábẹ́ igi máńgòrò, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ó ní agbẹ̀bí ló gbé tablẹ́ẹ̀tì lọ sí Àjàṣẹ́, olú-ìlú wa, wọ́n ń kọ́ wọn níbẹ̀ bí a ṣe ń fi tablẹ́ẹ̀tì rí aláìsàn kíákíá. Mo pe agbẹ̀bí. Ó ní èsì náà ti hàn sí òun, òun ti ń wọ mọ́tò bọ̀, òun sì mọ ẹni náà. Mo ní kó dárúkọ rẹ̀. Ó ní òun ò lè dárúkọ aláìsàn lórí fóònù fún ẹnikẹ́ni. Mo ní èmi ni mo ni nọ́ńbà.

"Mẹ́tírì, nọ́ńbà lẹ ni, ẹ ò ni ẹ̀jẹ̀ náà." Ó ní bí mo bá fẹ́ ran òun lọ́wọ́, kí n má jẹ́ kí ọ̀kankan nínú wọn ṣe iṣẹ́ agbára títí òun ó fi dé.

Bí kò bá ti sí orúkọ, gbogbo wọn ni n ó kó. Mo rán akọ̀wé sí àwọn tí ó wà nítòsí, mo gun zémíjàn kan, mo ní kó wa ọ̀kadà rẹ̀ tagbára tagbára. Àwọn méjì ti Daagbé kò yọ mí lẹ́nu. Obìnrin Tchaada wà nínú oko ẹ̀gẹ́, ọkọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní èsì kan dé, ó lè jẹ́ tirẹ̀. Ó na ẹ̀yìn, ó wò mí. "Nínú oyún méjèèjì tí ẹ fún mi, èwo ni? Ti oṣù mẹ́rin ni àbí ti oṣù mẹ́fà?" Mo gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ti àárín ìlú ti ń lọ sọ́jà Nàìjíríà, ibi tí wọ́n ti ń yẹ ìwé wò ní ààlà ni mo bá a, apẹ̀rẹ̀ gààrí wà lórí rẹ̀. Mo sọ apẹ̀rẹ̀ náà kalẹ̀ fún un láìtọrọ gáfárà. Àwọn ọlọ́kadà rò pé olè ni mí, wọ́n yí mi po. Mo fi fóònù hàn wọ́n. Ẹni tó gbọ́ Faransé nínú wọn kà á sókè, Chère maman, wọ́n bá fi mí sílẹ̀ bí ẹni ń fi wèrè sílẹ̀.

Nígbà tí oòrùn kàn àtàrí, mẹ́sàn-án ti pé lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn. Inú bí wọn, ẹ̀rù sì bà wọ́n. Kálukú ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé èsì wà níbẹ̀. Ìyàwó mi rí wọn láti ṣọ́ọ̀bù, ó sọdá títì, ó gbé omi wá, ó bù fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ó jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì. Mo ní nínú mi pé obìnrin yìí láàánú, ó fẹ́ bá wọn dúró.

Agbẹ̀bí sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, tablẹ́ẹ̀tì wà lábíyá rẹ̀. Ó wo bẹ́ǹṣì, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ó kàn juwọ́ sí ìpẹ̀kun. Ìyàwó mi dìde.

Mo ní, "Jókòó, kì í ṣe ìwọ ni wọ́n ń pè." Mo ṣí ìwé mi, mo fi han agbẹ̀bí pé mẹ́sàn-án ni wọ́n, pé obìnrin yìí kò sí nínú wọn.

Agbẹ̀bí wò mí. "Mẹ́tírì, ẹ̀yin gan-an ni ẹ ò sí nínú ìwé tèmi."

Ìyàwó mi ti fi ọwọ́ ti ògiri. Nígbà tí agbẹ̀bí fa ìpéǹpéjú rẹ̀ sísàlẹ̀, inú rẹ̀ funfun báláú. Ẹ̀jẹ̀ kò tó lára rẹ̀, ó ti lọ sílẹ̀ débi tí wọn kò lè fi oògùn tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀. Oyún náà sì ti lé ní oṣù mẹ́rin. Oyún tí mo gbé fún ará Tchaada, ti ilé mi ni. Ó ti ń wọ aṣọ fẹ̀ǹfẹ̀, mo ní ooru ni. Ó ti ń sinmi láàárín ìránṣọ, mo ní iṣẹ́ ti pọ̀ jù. Akọ̀wé ní kì í ṣe òun ló fi nọ́ńbà yẹn síbẹ̀ fún un, obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló pè é, nítorí nọ́ńbà ilé rẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tí òun kò fi kà á mọ́ àwọn mẹ́sàn-án. Ojú tì mí débi pé mo ń wá ibi tí n ó fi ìwé ọwọ́ mi pamọ́ sí.

Mọ́tò tó gbé agbẹ̀bí wá náà ló gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ tó bá tirẹ̀ mu. Wọ́n ní kí ẹbí fi òmíràn dípò, mo na apá. Tèmi kò bá tirẹ̀ mu, ẹlòmíràn tí mi ò mọ̀ ni wọ́n gbà á pamọ́ fún. Dókítà ní a dé lásìkò, ìyá yóò yè, ọkàn ọmọ inú rẹ̀ sì ń lù dáadáa.

Ọ̀sán ti ń rọlẹ̀ nígbà tí wọ́n jẹ́ kí n wọlé tọ̀ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ ń kán sí i lára díẹ̀díẹ̀. Mo ti mú ìbínú mi wá láti ọ̀nà, mo bi í pé kí ló dé tó fi lè sọ fún ẹ̀rọ tí kò lè sọ fún èmi ọkọ rẹ̀.

"Bàbá wa, nígbà tí oyún àkọ́kọ́ bàjẹ́, ẹ ṣubú sílẹ̀, ẹ ò jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta. Èmi tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára mi, èmi ni mo dìde se ọbẹ̀, tí mo ń rẹ̀ yín lẹ́kún. Nígbà tí èkejì bàjẹ́, bákan náà. Ẹ̀rọ yẹn bi mí, mo sọ fún un. Bí eléyìí bá tún bàjẹ́, mi ò ní tu ẹ̀rọ nínú."

Omijé ti dé ojú mi. Mo mọ̀ pé bí mo bá jẹ́ kó jábọ́ níbẹ̀, òun náà ni yóò tún na ọwọ́ tí abẹ́rẹ́ wà lára rẹ̀ láti nù ún fún mi. Mo ní mo fẹ́ lọ tọ̀. Mo lọ sẹ́yìn ilé ìwòsàn, mo sunkún níbẹ̀ títí ó fi tán, mo bọ́jú mi, mo padà wọlé, mo sì bi í bóyá ebi ń pa á.