Òrùlé Tó Ṣí Nígbà Òjò

Mo rántí ìgbà tí n kò lè gbọ́ kí wọ́n yin ẹlòmíràn lójú mi kí n má wá àbùkù sí i. Òṣogbo ni mo wà nígbà náà, nínú yàrá kan lókè ilé ìtajà oògùn, níbi tí ọ̀gá wa ti ń kọ́ wa bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà mú bíríkì ìṣeré rìn. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Àwọn bíríkì ike kéékèèké tí àwọn ọmọdé ń tò mọ́ra wọn ni mo ń sọ. A ó tò wọ́n lójú kọ̀ǹpútà, a ó fi ọ̀pá àti kẹ̀kẹ́ eléyín sí i, a ó wá sọ ibi tí kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò máa yí sí, gbogbo rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ohun tó ní ẹ̀mí. Ọ̀gá wa ní òfin kan: ohun tí o kò bá tíì fi ọwọ́ ara rẹ tò láti inú báàfù bíríkì tó wà ní igun yàrá, o kò gbọ́dọ̀ tò ó lójú kọ̀ǹpútà. Ó ní ohun tí ọwọ́ kò bá mọ̀, irọ́ ni ojú ń pa nípa rẹ̀.

Mo gbà pé kò sí irú mi nígbà náà. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni bàbá mi, ó ti ra láptọ́ọ̀pù fún mi, bàbá tó bí i sì ṣiṣẹ́ ní rélùwéè títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nítorí náà ọkọ̀ ojú irin ni mo ń tò. Ṣùgbọ́n bàbá mi kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà rárá. "Géńdé ọkùnrin tó ń fi bíríkì ṣeré," ló máa ń pè mí, ó sì ti sọ ọ́ gbangba pé bí n kò bá rí iṣẹ́ gidi nídìí rẹ̀ kí ọdún tó parí, òun yóò wá ibi kan fún mi ní ọ́fíìsì àwọn. Ìgbà tí ọ̀gá wá sọ pé òun fẹ́ gba ẹnìkan nínú wa ṣe igbákejì olùkọ́, n kò lè jẹun dáadáa mọ́. A ó gbé iṣẹ́ wa lọ sí gbọ̀ngán kan ní Iléṣà kí àwọn òbí àti aráàlú wá wò ó. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá wọ̀ wọ́n lára jù ni yóò gba ipò náà.

Àwa mẹ́fà là ń kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹnìkan ṣoṣo ló ń bà mí lẹ́rù. Ọmọbìnrin àgbẹ̀ olóko kòkó ni, láti abúlé kan lẹ́bàá Iléṣà. "Ẹ kú uṣẹ́ o" ló fi ń kí wa láràárọ̀, èmi ni mo sì máa ń sín in jẹ jù. Kò ní láptọ́ọ̀pù. Bí iná bá lọ, á jókòó ti báàfù, á máa tò, á máa tú. Pẹpẹ tí wọ́n ń sá kòkó sí lábúlé wọn ló tò, pẹ̀lú òrùlé páànù rẹ̀ tí ń rìn lórí táyà. Bí ojú ọjọ́ kò bá dá àgbẹ̀ lójú, ìlàjì kòkó ni òrùlé máa ń bò. Bí òjò bá ṣú, wọn á yí ọwọ́ irin kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òrùlé á sì wá bo ìyókù. Lójú kọ̀ǹpútà, òrùlé náà á kọ́kọ́ lọ́ra díẹ̀ kí ó tó gbéra, bí ó bá sì dúró, á gbọ̀n fẹ́ẹ́rẹ́, gẹ́gẹ́ bí páànù gidi. Ta ló kọ́ ọ ní ìyẹn? Ọkọ̀ ojú irin tèmi ń yọ̀ lọ geere bí ọṣẹ. Bí mo bá wo tirẹ̀ tí mo wo tèmi, n ó yára pa láptọ́ọ̀pù mi dé. Mo jowú rẹ̀ débi pé inú báàfù yẹn gan-an ń bí mi.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, wọ́n ránṣẹ́ pè é nílé pé kí ó wá bá wọn fọ́ kòkó. Ó ní láti abúlé ni òun yóò ti bá wa ní Iléṣà. Kí ó tó lọ, ó yà sọ́dọ̀ mi. "Jọ̀ọ́, bá mi yẹ uṣẹ́ mi wò," ló wí, "kí àṣìṣe má lọ wà níbẹ̀. Ojú tìrẹ mú ju tèmi lọ."

Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Kẹ̀kẹ́ eléyín kékeré kan wà láàárín ọwọ́ yẹn àti òrùlé. Èyí tó yẹ kó máa yí sọ́tùn-ún, mo ní kó máa yí sósì. Kò gbà ju kí n tẹ bọ́tìnnì kan lọ. Mo pa fáìlì náà dé, mo lọ ra ẹ̀pà.

Ní Iléṣà, tèmi ni wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ tàn sí ara ògiri. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un bí a ṣe ń pàtẹ́wọ́ fún ọmọ tó ka ABD tán. Ó wá kan tirẹ̀. Òjò ṣú lára ògiri, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí, òrùlé lọ́ra díẹ̀, ó gbéra, ó sì ń ṣí kúrò lórí kòkó lọ. Òjò dà lé kòkó lórí. Mo rí i tí ọmọbìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo ń retí kí wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Ìyá àgbà kan ló kọ́kọ́ dìde níwájú. "Yéè, kòkó o! Ẹ bò ó!" Kí n tó mọ̀, ìdajì gbọ̀ngán ti wà lórí ìdúró. "Òjò! Ẹ fa páànù!" Bàbá kan ti sáré dé ìdí ògiri kó tó rántí pé àwòrán ni. Ara wọn ni wọ́n wá ń fi rẹ́rìn-ín, àtẹ́wọ́ náà sì pọ̀ débi pé a kò gbọ́ ohun tí ọ̀gá ń wí. Ìgbà tó rọlẹ̀, ọ̀gá ní òun kò tún ní ẹlòmíràn í wá mọ́, ọmọbìnrin yẹn ni igbákejì òun.

Ọmọbìnrin náà wá bá mi lẹ́yìn náà, omi lójú rẹ̀. "Mo mà ṣi ibi tí kẹ̀kẹ́ yẹn ń yí sí. O yẹ̀ ẹ́ wò, o ò rí i?"

Mo ní n kò rí i.

"Ọlọ́run ló bò ọ́ lójú," ló wí. "Ká ní o rí i ni, wàá ti bá mi tún un ṣe."

Ọ́fíìsì tí bàbá mi ti fẹ̀yìn tì ni mo wà báyìí. Ọmọbìnrin náà ló ni yàrá òkè yẹn lónìí, ọmọ mi sì ń lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Gbogbo ọmọ tó bá wọlé ló máa ń sọ ìtàn òrùlé náà fún. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi dé, kò tíì bọ́ bàtà tó ti ń bi mí: "Dádì, Àǹtí ní àwọn ò mọ ohun tó ṣe kẹ̀kẹ́ yẹn títí dòní. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Ta ló yí i?"

Mo ní kó lọ fọwọ́, kó wá jẹun.

Ìtìjú wà nínú ìdí tí n kò fi sọ ọ́, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ìtìjú nìkan kọ́. Nínú gbogbo ohun tí mo fi ọwọ́ mi mú rìn láyé, ẹyọ kan péré ló gbé gbọ̀ngán dìde, òun náà ni wọ́n ń fi yìn ín. Mo ṣì ń jowú rẹ̀.