Àgò Tó Pẹ́ Kó Tó Dé

Láti ọjọ́ tí ọlọ́pàá ti já wọ ilé wọn ní Òmù-Àrán, nígbà ìjọba ṣọ́jà, ara Janet kò balẹ̀ mọ́. Bó bá jókòó ti máṣíìnì ìránṣọ, kò ní pẹ́ dìde lọ yọjú síta. Olè ni wọ́n ní àwọn ń wá. Ewúrẹ́ nìkan ló ń wọlé onílé láìkágò, ṣùgbọ́n wọ́n ta ilẹ̀kùn nípàá, ó fọ́, wọ́n sì fi kóńdó ṣẹ́ Ignatius ọkọ rẹ̀ lápá. Káfíńtà ni Ignatius. Ta ni yóò wá tún ilẹ̀kùn ṣe?

Nígbà tó yá, kọ́pùrù tó ṣáájú wọn padà wá láìwọ aṣọ ìjọba, ó mú búrẹ́dì lọ́wọ́. Wọ́n ti ṣilé, ó fẹ́ bẹ̀bẹ̀. Ọmọ Àjàṣẹ́-Ìpo ni. Wọ́n ti kọ́ ọ nílé pé ẹni tí kò bá gbọ́ "àgò yà" kì í wọlé.

"Àgò onílé o!"

Èsì ti dé ètè Janet. Ó gbé e mì.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, àgò o!"

Janet ń tẹ máṣíìnì rẹ̀ lọ. Oòrùn ń pa kọ́pùrù níta, kò sì lè wọlé, bẹ́ẹ̀ kò sí ilẹ̀kùn kankan níwájú rẹ̀.