Òkú Tí Bàbá Mi Ń Retí

Láti ìgbà tí Bàbá mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n ti ń fi Yorùbá kọ ìtàn ọkùnrin Amẹ́ríkà àtijọ́ kan: arìnrìnàjò tó la ọ̀nà gba orí òkè kọjá, tó tẹ ìletò dó sínú igbó onígbó, tó sì wá di gómìnà ibẹ̀. Bàbá ò fi bò pé ilẹ̀ náà ti ní onílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí ojú wọn ò ríran mọ́, èmi ni mo di akọ̀wé. Tí mo bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́ ní Àgodi, mo máa ń kọjá sí Bẹyẹrúnká, ilé wa.

"Bàbá, òyìnbó yìí rìn ju awakọ̀ gáréèjì Mọlété lọ."

"Kọ ohun tí mo pè, ìwọ aláwàdà!"

Orí tó kẹ́yìn ló kù. Wọ́n fẹ́ parí rẹ̀ kí iyè wọn tó fò lọ tán, torí wọ́n ti ń ṣi orúkọ wa pè.

Mo ka ìwé òyìnbó sí wọn létí: ọkùnrin náà kú sójú ọ̀nà, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí.

"Ẹ̀bá ọ̀nà? Ṣé kò lẹ́bí ni?"

Ní Ìbàdàn wa, ẹni tó bá kú sóko, ilé là ń gbé e bọ̀. Bí a ṣe gbé bàbá tó bí wọn, tó kú sí abúlé oko tó tẹ̀ dó, wálé nìyẹn. Sàréè rẹ̀ ò ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ síbi tí a jókòó sí.

"Ẹ lọ gbé e wá!" Bàbá ń sunkún. N ò mọ̀ bóyá òyìnbó náà ni wọ́n ń wí àbí bàbá wọn.

Ẹnu mi tí kì í dákẹ́ ní, "Wọ́n ti ń gbé e bọ̀, Bàbá. Wọ́n ti dé Mọlété."

Ẹkún dá. Mo tilẹ̀ yin ara mi.

Láti ọjọ́ náà, Bàbá ò pe gbólóhùn kan fún mi kọ mọ́. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń jókòó sí. Bí ọkọ̀ bá ti dún lápá Ọjà'ba, wọ́n á dìde, wọ́n á ní ká tún ilẹ̀ gbá. Ẹ̀bẹ̀ la fi ń fún wọn lóúnjẹ.

Lánàá, mo dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. Irọ́ ni mo pa. Kò sí òkú kankan tó ń bọ̀."

Wọ́n fọwọ́ wá orí mi títí wọ́n fi rí i.

"Àlejò, ẹ dìde. Ọmọ mi ló sọ fún mi pé wọ́n ti dé Mọlété. Aláwàdà ni o, ṣùgbọ́n kò parọ́ fún mi rí."

Mo gbé àga, mo jókòó tì wọ́n lẹ́nu ọ̀nà.