Awọ Pupa Inú Ọkọ̀ Bàbá Mi

Láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ọkọ̀ asáré tí bàbá mi fi sílẹ̀ ti wà nínú ilé tí a ń kó kòkó sí, lẹ́yìn ilé wa ní Aládé, lẹ́bàá Ìdànrè. Wọ́n fi tapólì bò ó, wọ́n sì to agbọ̀n, àpò òfìfo àti àkàbà tó ti kán lé e lórí. Àwa ọmọdé mọ̀ pé ọkọ̀ wà lábẹ́ ẹrù yẹn, bí a ṣe mọ̀ pé àpáta wà lẹ́yìn ilé: ohun tí kì í lọ síbì kankan.

Ọwọ́ òyìnbó kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀ ni bàbá mi ti rà á, nígbà tí kòkó lówó lórí. Ìjókòó méjì péré ló ní, aṣọ tí a lè ká sẹ́yìn sì ni òrùlé rẹ̀. Àwọn ará ìlú sọ ọ́ ní Kò-Gba-Ẹnìkẹta. Wọ́n ní irú àgbẹ̀ wo ló ń ra ọkọ̀ tí kò lè gbé àpò kòkó kan? Bàbá mi a rẹ́rìn-ín, a ní pikọ́ọ̀pù wà fún kòkó, èyí wà fún ọkàn òun.

Bàbá mi ti kú tipẹ́. Àkúrẹ́ ni mo ń gbé, iṣẹ́ aránṣọ ni mo ń ṣe. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìyá mi, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, pè mí lórí fóònù.

"Wá bá mi jí ọkọ̀ bàbá rẹ dìde."

"Màámi, ṣé ẹ fẹ́ tà á ni?"

"Ta ló dárúkọ títà? Mo ní kó jí."

Nígbà tí mo fi dé Aládé, ó ti rí mẹkáníìkì. Ọkùnrin náà kì í ṣe ọmọ Ìdànrè. Iṣẹ́ oko kòkó ló gbé e wá sí ìlú wa, kó tó lọ kọ́ṣẹ́ ọkọ̀. A jọ ká tapólì kúrò. Ó yọ fìlà rẹ̀.

"Màmá," ó ní, "irú èyí, inú àwòrán nìkan ni mo ti ń rí i."

Ó ṣí ojú ẹ́ńjìnì. Eku ti jẹ gbogbo wáyà, gbogbo irin ti dógùn-ún. Síbẹ̀ ó tú u palẹ̀, ó tò ó sórí ẹní tí a máa ń sá kòkó sí, ìyá mi sì ń kìlọ̀ fún àwọn adìẹ kí wọ́n má dé ibẹ̀. Àwọn ohun kan ti Èkó wá, àwọn mìíràn, fúnra rẹ̀ ló rọ wọ́n. Òjò ń rọ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Kòkó ti pọ́n lórí igi kó tó sọ pé ó kù díẹ̀.

Inú ọkọ̀ ni wọ́n fi fún èmi. Gbogbo ìgbà tí ìsinmi bá dé ni mò ń wá láti Àkúrẹ́. Mo kọ́kọ́ gbá a: ìgbẹ́ eku, èèpo kòkó, ìyẹ́ adìẹ tó ti yé sórí ìjókòó, eruku tó ti dì bí amọ̀. Kápẹ́ẹ̀tì ti jẹrà mọ́ ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo po ọṣẹ dúdú mọ́ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo fi àkísà nu ìjókòó awakọ̀. Omi tó ń ṣàn lára rẹ̀ dúdú bí omi aró. Mo nù ún, mo tún un nù. Àfi bí àwọ̀ kan ṣe yọ, níbi tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ.

Pupa ni. Kì í ṣe pupa ilẹ̀, kì í ṣe pupa aṣọ. Pupa tó jinlẹ̀ ni, bí ojú obì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Mo fa ọwọ́ mi sẹ́yìn bí ẹni tó fọwọ́ kan ohun tó ń mí. Gbogbo ìgbà tí mo fi dàgbà, tí mo lọ sílé ọkọ, tí mo bímọ, àwọ̀ yìí wà lábẹ́ eruku, kò ṣá.

Ìyá mi ní kí n fi òrí pa á. Awọ ìjókòó náà ti gbẹ, ó ti sán káàkiri, ó sì ń mu òrí bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ṣe ń mu òjò àkọ́rọ̀. Níbi tí ojú rírán ti tú, mo fi abẹ́rẹ́ ńlá àti òwú tí wọ́n fi ń rán bàtà tún un rán. Inú ihò tí aránṣọ àkọ́kọ́, ẹnì kan ní ìlú òkèèrè tí n kò lè mọ̀ láéláé, ti lu ni mò ń ki abẹ́rẹ́ mi bọ̀. Kò sí ihò kan tó yẹ̀ kúrò lójú ìlà. Èmi tí mo ti ń ránṣọ látìgbà ọmọge, mo kàn ń mi orí ni.

Mo ń nu sítíárìn, tí wọ́n fi igi dídán ṣe, nígbà tí ìyá mi gbé àpótí wá jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ó wo ọwọ́ mi fún ìgbà díẹ̀.

"Ikùn mi kan ibẹ̀ yẹn," ó ní.

"Ibo?"

"Ìsàlẹ̀ sítíárìn yẹn. Oyún rẹ ló wà nínú mi."

Mo rò pé ó jókòó síbẹ̀ ṣeré ni. Ó ní rárá, òun wà á ni. Mi ò tíì rí ìyá mi kó fọwọ́ kan sítíárìn rí, àní kẹ̀kẹ́ lásán kò gùn.

"Paramọ́lẹ̀ ló bu bàbá rẹ ṣán lóko," ó ní. "Wọ́n gbé e délé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Dírẹ́bà wa ti gbé pikọ́ọ̀pù lọ sí ìlú Ofosu. Mo ń ti ilé àdúrà bọ̀, mo wọ ẹ̀wù funfun, n kò wọ bàtà. Ọkọ̀ yìí nìkan ló kù, kò sì sí ẹni tó lè wà á. Mo ní kí wọ́n gbé e sí ìjókòó kejì."

"Ta ló kọ́ yín?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo máa ń jókòó tì í, mo máa ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí ni n bá tún máa wò?"

Ó wà á dé ilé ìwòsàn ní Àkúrẹ́. Ó ní òun ń ké sáàmù, bàbá mi ń dárí òun: "Tẹ̀ ẹ́. Fi í sílẹ̀. Rọra." Ó ní nígbà tí ohùn rẹ̀ dákẹ́, òun ò wojú rẹ̀, ọ̀nà ni òun ń wò. Àwọn dókítà gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Ọdún púpọ̀ ló tún lò.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa rí?"

"Ìyá ọkọ mi ní kí n pa á mọ́ sínú, kí aráyé má baà fẹnu kan oyún mi. Nígbà tó yá, ó ti mọ́ mi lára láti dákẹ́. Bàbá rẹ ní kí n máa wà á lọ. Mo kọ̀. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ parí ni ẹ̀rù wá ṣẹ̀ṣẹ̀ bà mí."

Mo gbé àkísà sílẹ̀. Mo ń wo ìyá mi bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wá fi hàn mí.

Ní ọjọ́ tí ẹ́ńjìnì jí, ó kọ́kọ́ wúkọ́, ó tu èéfín dúdú, ó kú. Mẹkáníìkì tún un tẹ̀. Ó hó, ilẹ̀ gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, àwọn àdán tú jáde láti àjà. Ìyá mi gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń pariwo halelúyà. Lẹ́yìn náà, ó na ọwọ́ síta fún kọ́kọ́rọ́.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kọ́ yín," ni mẹkáníìkì bẹ̀ ẹ́.

Ó gbà. Pápá ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń lọ nírọ̀lẹ́, wọ́n ń yí i po, títí ọkùnrin náà fi ní òun kò ní ohun tí òun fẹ́ kọ́ ọ mọ́.

Sátidé kan la jáde. A ká òrùlé sẹ́yìn. Mo jókòó lórí awọ pupa yẹn, ìyá mi ń tọ́ ọkọ̀ láìwọ bàtà, ó gbé ojú síwájú gan-an. Àwọn ọlọ́kadà ń yà fún wa, wọ́n ń kí i, "Màmá o!" Nígbà tí a dé Ìdànrè, àwọn àpáta tí mo ti ń rí láti kékeré yọ sókè lórí wa láìsí òrùlé láàárín, wọ́n ga tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbé orí sẹ́yìn wò wọ́n. Ìyá mi wà á títí dé ẹsẹ̀ òkè, títí imú ọkọ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òkúta. Ó dúró. Ó wo jíà, ó wo mí.

"Wọn ò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń padà sẹ́yìn," ó ní.

Ẹ̀rín pa wá títí omi fi dà lójú wa. Mo bọ́ sílẹ̀. Obìnrin kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun fi àtẹ rẹ̀ sílẹ̀, àwọn ọlọ́kadà méjì sọ̀ kalẹ̀, a gbé ọwọ́ lé iwájú ọkọ̀ tó ṣì gbóná, a ń tì í. Ìyá mi di sítíárìn mú, ó yí orí wo ẹ̀yìn, ó ń pàṣẹ fún wa pé ká rọra, ká rọra, kí a má bà á lẹ́wà jẹ́.