Ayò Tí Mabrouka Ò Pàdánù Rí

Ohun tó ń bí Mabrouka nínú jù ní ìlú Nefta ni àwọn ọkùnrin tó máa ń jókòó sẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, tí wọ́n ń ta ayò kharbga lórí iyanrìn. Obìnrin tó bá yọjú síbẹ̀, wọn á ní kó lọ wo ìkòkò rẹ̀ lórí iná. Iṣẹ́ dàbínù ṣíṣà ni Mabrouka ń ṣe. Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń ṣa dàbínù, bẹ́ẹ̀ lorí rẹ̀ ń ta ayò, títí ó fi dá tirẹ̀ sílẹ̀.

Ó fi ṣọ́ọ̀kì pín ilẹ̀ àgbàlá rẹ̀ sí ilé kéékèèké. Ẹnì kan á mú kóró dàbínù, ẹnì kejì á mú òkúta funfun, wọ́n á máa gbé e kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ to tirẹ̀ láti ògiri kan dé ìkejì ti fa omi wọ oko, ó ti borí. Bí wọ́n bá sì fi méjì há ọ̀kan rẹ mọ́ àárín, ìyẹn ti lọ. Ó pe ayò náà ní Ojú Omi.

Lazhar àbúrò rẹ̀ ló ń bá a dán an wò nírọ̀lẹ́. Mabrouka nà án. Àwọn ará ilé yòókù wá, ó na gbogbo wọn. Orí rẹ̀ wú. Lazhar ti ṣèlérí pé tó bá di Jímọ̀, òun á gbé ayò náà lọ bá àwọn ọ̀ta ayò ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí. Àwọn yẹn ò láàánú. Bí wọ́n bá rí àbùkù kan ṣoṣo níbẹ̀, wọ́n á fi Mabrouka ṣe ẹlẹ́yà títí wọ́n á fi sin ín.

Lọ́jọ́bọ̀, Hnia ìyàwó Lazhar wá pe ọkọ rẹ̀. Òun àti Mabrouka kì í kíra wọn, látìgbà tí Hnia ti tú òfì ìyá ọkọ rẹ̀ palẹ̀, tó sì fi igi rẹ̀ ṣe ilé ewúrẹ́.

"Kúsíkúsì ti tutù," ó sọ fún Lazhar. Ó wo ayò tó wà nílẹ̀. "Àbí nítorí èyí ni?"

"Ìyẹn ò yé ewúrẹ́," ni Mabrouka dáhùn. "Kò lè yé ẹni tó ń sìn ín."

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ẹ jẹ́ ká wò ó."

Gbogbo àwọn tó ti bá Mabrouka ta ló máa ń sọ pé, "Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ ta, ẹ̀yin làgbà." Hnia ò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó gbé kóró dàbínù sí àárín gbùngbùn.

"Ta ló ní kí o kọ́kọ́ ta?"

"Ta ló ní kí n má ta?"

Kí tíì tó wà lórí iná tó hó, Hnia ti borí. Wọ́n tún un ta. Ó tún gba àárín, ó tún borí.

"Òpè!" ni Hnia wí.

Mabrouka tẹjú mọ́lẹ̀. Gbogbo ayò tó ti jẹ, òun ló kọ́kọ́ ta, àárín ló sì ń gbé tirẹ̀ sí. Àárín ló ń jẹ ayò, kì í ṣe ọgbọ́n. Ó yíjú sí Lazhar. Bàtà ara rẹ̀ ni Lazhar ń wò.

"O mọ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Inú yín ń dùn ni. Kò sẹ́ni tó fẹ́…"

"Gbogbo yín lẹ mọ̀!" Ó ju bàtà lù ú. "Ẹ̀ ń rẹ̀ mí lẹ́kún bí ọmọ jòjòló, kẹ́ ẹ lè gbé mi lọ síta lọ́la kí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín! Jáde! Jáde nílé mi!"

Lazhar sá jáde. Hnia náà dìde.

"Ìwọ, jókòó," ni Mabrouka wí. "Ẹni tó bá kọ́kọ́ ta ò gbọdọ̀ gbé e sí àárín."

Hnia rò ó. "Ó dáa. Ta ló máa kọ́kọ́ ta?"

"Ìwọ ni. Kí n lè nà ẹ́ dáadáa."

Wọ́n ta á títí wọ́n fi pe ìrun àṣálẹ́, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó máa já sí. Kóró kan ṣoṣo ni Hnia fi ṣáájú rẹ̀ dé ògiri kejì. Inú bí Mabrouka gan-an, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ayò gidi ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ta.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Lazhar rọra yọjú láti wá gbé ayò lọ.

"Kò tíì tó gbé jáde," ni Mabrouka wí. "Lọ pe ìyàwó rẹ wá."

"Ẹ̀yin méjèèjì tí ẹ kì í kíra yín?"

"Ta ló ní kó wá kí mi? Ní kó wá ta ayò."