Pupa-dà àti Aṣọ Olódòdó

Bí mo bá sọ pé àbúrò mi ọkùnrin kò mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ mú, ó lè rí abẹ́rẹ́ tó bọ́ sínú iyanrìn. Àwọ̀ méjèèjì yìí nìkan ni kò yà sọ́tọ̀ fún un. Ní kékeré, bí a bá ní kó já ata tó pọ́n, àtèyí tó pọ́n àtèyí tí kò pọ́n ni yóò kó wálé. Bẹ́ẹ̀ la ṣe sọ ọ́ ní Pupa-dà.

Nígbà tó ríṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń rán kọ́tìnnì, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ orúkọ náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa yẹ aṣọ wò kí wọ́n tó gé e, bóyá òwú já nínú rẹ̀. Obìnrin mẹ́rin ló bá lẹ́nu iṣẹ́ náà, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n sì fi òun sí. Ẹnì kan náà ló kọ́ wọn, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà wò ó. Ohun tó bá fo ọ̀kan, ó ti fo gbogbo wọn nìyẹn. Ọ̀gá wọn fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Á ní, "Ẹni tójú rẹ̀ ò bá bá tiwọn mu, kó lọ wáṣẹ́ míì." Ọ̀rọ̀ yìí ń já àbúrò mi láyà, torí ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún, iṣẹ́ yìí nìkan ni wọ́n sì gbójú lé.

Ló bá di ọjọ́ kan, aṣọ olódòdó dé, pupa lórí àwọ̀ ewé. Àwọn obìnrin mẹ́rin yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kò lábàwọ́n. Ọ̀gá ti gbé àlùmọ́gàjí.

"Ẹ dúró ná," ni àbúrò mi wí. "Òwú ti já níbí, ó gùn tó apá mi."

Àgbà inú wọn pòṣé. "Àwa mẹ́rin, ojú mẹ́jọ! Ṣé ihò imú la fi wò ó ni?"

"Ẹ má bínú, àǹtí mi. Òdòdó ni ojú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ń wò."

Ọ̀gá tẹjú mọ́ ọn. "Lórí òdòdó pupa ni, àbí lórí ewé?"

Òógùn bo àbúrò mi. Ó lè méfò, ṣùgbọ́n irọ́ ò ní pẹ́ tú.

"Ọ̀gá, mi ò mọ̀. Bákan náà ni méjèèjì rí lójú mi. Bí wọ́n ṣe hun aṣọ ni mo rí."

Ọ̀gá gbé aṣọ lọ sójú fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ yọ tẹ́ẹ́rẹ́. Ó ti ìka bọ̀ ọ́, ìka yọ lódì kejì.

"Háà!" Àgbà inú wọn ló pariwo. "Òdòdó yìí mà ti fi wá ṣe yẹ̀yẹ́!"

Ọ̀gá gbé àlùmọ́gàjí kalẹ̀. "Èmi ni mo ṣì í, tí mo ń wá ojú kan ṣoṣo lára èèyàn márùn-ún. Láti òní lọ, aṣọ kankan ò gbọdọ̀ dọ́dọ̀ mi àfi tí ojú tiwọn àti tìẹ bá ti kọjá lára ẹ̀. Ṣùgbọ́n tóo bá fọwọ́ kan òwú pé o fẹ́ ṣa àwọ̀, màá gé ọwọ́ náà!"

Ẹ̀rín sọ. Àbúrò mi nu òógùn ojú rẹ̀.

"Mo gbọ́, Ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí n kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn nígbà náà, kí n wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Iṣẹ́ yìí ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀."

Àgbà inú wọn, tó jókòó síbẹ̀, ló dìde fún un.