Aṣọ Tí Mo Hun Tí Wọ́n Kọ Orúkọ Ẹlòmíràn Sí

Bí mo bá ti gbóòórùn òwú tí wọ́n fi omi ẹ̀kọ rẹ tí wọ́n sì sá sóòrùn, inú á ti bí mi kí n tó rántí ohun tó fà á. Gbogbo àdúgbò wa ní Ìsẹ́yìn ló máa ń rùn bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà ní kíláàsì karùn-ún, kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀. Ahunṣọ ni bàbá mi.

Iṣẹ́ ọwọ́ nílé-ìwé wa, ọ̀rẹ́ mi, kò ju kí oníkálùkù ra ìgbálẹ̀ lọ́jà, kó gbé e wá bí ẹni pé òun ló ṣe é. Àfìgbà tí tíṣà tuntun kan dé, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́, tó ní irọ́ pípa nìyẹn ń kọ́ ọmọ. Ó to òfì kan sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn kíláàsì, ó ní gbogbo wa la máa jókòó sí i, tọkùnrin tobìnrin. Nílùú wa nígbà yẹn, obìnrin a máa ran òwú, a máa pa á láró, ṣùgbọ́n ọkùnrin ló ń jókòó sí òfì. Mo tọrọ òwú pupa díẹ̀ lọ́wọ́ bàbá mi, èyí tó ṣẹ́kù lára aṣọ ìyàwó kan tó hun. Ó fún mi, kò bi mí léèrè. Mo fi pupa náà dá ọnà sára aṣọ mi. Kò sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ gún tó tèmi ní kíláàsì wa, n ò ní purọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn òbí máa wá wo iṣẹ́ wa, hẹdimásítà rí orúkọ mi lára ìwé tí wọ́n so mọ́ aṣọ náà.

"Ta ló ní kí obìnrin jókòó sí òfì? Ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn àgbà ahunṣọ wá ká wa mọ́ ibí ni?"

"Òun ló hun ún, sà," ni tíṣà wí, ó sì tẹríba.

Hẹdimásítà já orúkọ mi kúrò, ó kọ ti ọmọkùnrin kan tí kì í ju ọ̀kọ̀ tí a fi ń hunṣọ lẹ́ẹ̀mejì kí òwú má já mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìṣojú mi ló ti ṣe é.

Nígbà tí bàbá mi wọlé, ọkàn mi balẹ̀. Ó dúró níwájú aṣọ náà, ó fi àtàǹpàkò ra òwú pupa yẹn wò. Ó wo orúkọ, ó wò mí. Mo ní ó parí, bàbá mi á sọ̀rọ̀. Ó bá gbé ọwọ́ lé ọmọkùnrin yẹn lórí, ó ní, "Ọmọ yìí mọṣẹ́." Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́.

Nílé, mo kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ mọ̀ pé èmi ni."

"Mo mọ̀, Àṣàkẹ́. Èmi tí mo mọ̀, ṣé ìyẹn ò tó ọ ni?"

Lónìí, àwọn ọmọbìnrin ń hunṣọ ní Ìsẹ́yìn, àwọn ọkùnrin a sì ní ayé ti là. Ta ló pa á dé tẹ́lẹ̀? N ò bá ọmọkùnrin yẹn jà, ọmọdé ni. Hẹdimásítà, ojora ló mú un. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ òwú yẹn bí ẹní mowó, tó sì yin ẹlòmíràn, òun ló dùn mí jù. N ò fèsì lọ́jọ́ náà, torí ọmọ kì í já bàbá rẹ̀ ní koro. Ó ti lọ báyìí, kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ. Èsì ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu mi: kò tó, bàbá mi. Kò tó rárá.